Ọ̀rọ̀ Tó Ṣáájú Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá wà lórí ìjókòó, ẹ kọ́kọ́ dìde ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu ba òun níbi tí èèyàn bá jókòó sí. Ó dáa, ẹ lè padà jókòó. Kò sí nípò mọ́, bó sì ṣe kúrò níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ omi ni. Oyè tó fún ara rẹ̀ ni Olùdarí Àgbà Pátápátá, Alábòójútó Gbogbo Orísun, Olùpàṣẹ fún Ìṣàn àti Ìdádúró. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn òun. Ilẹ̀kùn ò gbà á tán, wọ́n sì parí rẹ̀ sára ògiri. Bí kò bá sí nítòsí, Ẹdìde làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Bó bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láàárọ̀, akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-sà, á ti sáré ṣáájú, á máa pariwo "Ẹ dìde, ẹ dìde" láti yàrá dé yàrá, títí dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tí dídìde ti le díẹ̀ fún ẹni tó bá wà nínú rẹ̀.

Aunti Wáyà, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn, ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dìde láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Á kàn na ẹ̀yìn díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Yàrá rẹ̀ kéré débi pé bó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, àga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún. Àga yẹn gan-an, ìtàn wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù méje, kò sẹ́ni tó wá àga fún un. Màmá Agbálẹ̀, ìyá tó ń gbálẹ̀ tó sì ń nu gbogbo ilé náà, ló gbé tirẹ̀ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ ń sinmi lórí garawa tó dojú dé. Aunti Wáyà ò gbàgbé rẹ̀ láé. Ọmọ inú oyún ọjọ́ yẹn ti wọ ilé-ìwé, ó sì ń pe Màmá ní ìyá àgbà.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màmá Agbálẹ̀ ti lò níbẹ̀, ó sì ku oṣù mẹ́rin péré kó fẹ̀yìn tì. Òfin wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá lé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ọwọ́ òfo ló máa gbé lọ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé oṣù mẹ́rin yẹn.

Ibùdó mẹ́rin ni ilé-iṣẹ́ náà ní: olú-iṣẹ́ láàárín ìlú, ilé tí wọ́n ti ń sẹ́ omi, àgbá ńlá orí òkè, àti ìsédò tí wọ́n fi sé odò nínú àfonífojì, níbi tí fóònù kì í ti í mú. Wáyà tó so wọ́n pọ̀ máa ń já. Nítorí náà, Aunti Wáyà gbé àpótí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí àpótí kọ̀ọ̀kan máa pa gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sínú Yàrá Ìròyìn mọ́. Yàrá yìí ò ní ilẹ̀kùn o, orí ẹ̀rọ ló wà. Ibẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ fúnra wọn pé páìpù bẹ́, pé ẹ̀rọ kú, pé omi ti dé. Kò sí àpótí tó jẹ́ ọ̀gá lórí èkejì. Bí wáyà bá já, kálukú á máa bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Bí wáyà bá sì padà, àwọn àpótí á bi ara wọn léèrè ohun tí wọn ò gbọ́, wọn á so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ṣáájú ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń di èjìká èyí tó wà níwájú rẹ̀ mú, bí àwọn tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú òkùnkùn. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá di èjìká kan náà mú, ọ̀nà pín nìyẹn. Èyí tó bá dé lẹ́yìn wọn á na ọwọ́ méjèèjì, á di àwọn méjèèjì mú, ọ̀nà á tún di ọ̀kan. Inú Aunti Wáyà máa ń dùn sí ètò yìí, torí òun nìkan ni nǹkan tó wà nínú ilé yẹn tí kì í béèrè oyè lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹdìde dé, ó sì fi òfin kún un. Láago mẹ́jọ àárọ̀, òun á kọ Ọ̀rọ̀ Ìyànjú sínú yàrá náà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ibùdó gbọ́dọ̀ ti fi àwòrán àtàńpàkò sí i láti fi hàn pé ó wọ̀ wọ́n lára. Títí àtàńpàkò á fi pé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ohun mìíràn. Lọ́jọ́ kan, páìpù bẹ́ nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú kan, àdúgbò méjì sì wẹ̀ láìmúra kí àtàńpàkò tó pé.

Ní Mọ́ńdè tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lọ báyìí: "Ẹ̀yin tí mo ń darí, omi ni ìyè, èmi sì ni ọ̀nà tí ìyè ń gbà wọlé yín. Bí ẹ bá mu omi láàárọ̀ yìí, ẹ rántí ẹni tó jẹ́ kó ṣàn. Bí òjò bá sì rọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti fi tó mi létí." Bẹ́ẹ̀ni-sà sunkún nígbà tó kà á. Ó máa ń sunkún ní gbogbo Mọ́ńdè.

Ibùdó méjì fi àtàńpàkò ránṣẹ́. Ìsédò ò fi ránṣẹ́. Bàbá Ìsédò, ẹnjiníà tó ń ṣọ́ ibẹ̀, wà nínú omi dé ìbàdí, ó ń ṣí ilẹ̀kùn ìsédò kí ìlú lè rí omi mu, kò sì lè fi ọwọ́ tútù tẹ ẹ̀rọ. Ẹdìde ní àfojúdi ni. Ó ní kí wọ́n yọ wáyà ìsédò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè mọ bí ayé ṣe rí láìsí ohùn òun. Aunti Wáyà ni wọ́n ní kó yọ ọ́, ó sì yọ ọ́, ó fi í kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ẹ fi Bàbá Ìsédò sọ́kàn; ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́.

Ọjọ́ kejì ni ìwé dé pé ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹdìde ronú títí, ó wá ní òun mọ ohun tí òun máa fi kí wọn káàbọ̀. Ó ní kí Aunti Wáyà ya àwòrán bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú yàrá náà ṣe so mọ́ra, kí wọ́n fi férémù wúrà sí i, kí wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá, kí àlejò rí i pé láti ẹnu òun ni ohun gbogbo ti ń ṣàn.

Ó ya á. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ọ̀gá, àmì róbótó róbótó pẹ̀lú ìlà tó so wọ́n. Ẹdìde fi ìka wá Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Mọ́ńdè títí ó fi rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá fi ìka tẹ̀lé ìlà tó jáde láti ara rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Èjìká ta ni ọ̀rọ̀ mi dì mú yìí?"

Aunti Wáyà ní, "Ti Màmá Agbálẹ̀ ni, sà. Àwọn ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn kí ẹ tó sọ tiyín."

Ẹdìde ka ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí Màmá kọ ní Mọ́ńdè, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, kò gùn: "Ẹ jọ̀wọ́, omi ń jò láti àjà gbọ̀ngàn ńlá, lókè ibi tí àga ńlá wà. Mo ti gbé garawa sí i. Ó kún lẹ́ẹ̀mejì lánàá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí kà á pé omi ń jò lórí àga tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kì í ṣe ìyẹn ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé agbálẹ̀ ló wà níwájú, tí òun tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yí i padà kíá, kí tòun ṣáájú. Aunti Wáyà ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èdìdì tirẹ̀, pé ara ohun tó sọ àti èjìká tó dì mú ni ẹ̀rọ ti ń ṣe èdìdì náà, àti pé bí wọ́n bá sún un, àwọn àpótí yòókù á kọ̀ ọ́. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ òun má di ẹnikẹ́ni mú, kó dá dúró. Aunti Wáyà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kì í di ẹnikẹ́ni mú, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ṣí yàrá náà, òun ló sì kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ohun tí òun kọ síbẹ̀ láti fi dán ẹ̀rọ wò ni, "Ṣé ó ń lọ báyìí?"

Ó rọra fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n sà, omi ọ̀hún ń jò lóòótọ́."

Ẹdìde wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Omi tí èmi ò fọwọ́ sí kì í jò."

Nígbà tó fínná mọ́ ọn títí, Aunti Wáyà jẹ́wọ́ pé wọ́n lè pa ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìkarahun rẹ̀ nìkan ló máa kù lórí ìlà, kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà ṣubú, orúkọ ẹni tó pa á rẹ́ á sì hàn lára rẹ̀. Ẹdìde ní kí orúkọ òun hàn níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú gbogbo oyè. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì náà. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́ Màmá nínú yàrá, ó ní kí wọ́n gbé garawa kúrò torí kò bá gbọ̀ngàn mu, ó sì rán Bẹ́ẹ̀ni-sà kó fi ọ̀dà funfun kun ibi tó ti dúdú lára àjà.

Aunti Wáyà lọ bá Màmá nídìí àtẹ̀gùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ojú sì tì í pé òun ló ṣí ọ̀nà náà. Màmá ń fún àkísà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kó má sunkún, ọmọ òun, omi ò mọ̀ pé wọ́n ti pa òun rẹ́.

Ọjọ́ àbẹ̀wò pé. Ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ẹni mẹ́rin, Alága wọn sì ni ìyá arúgbó kan tó wọ awò ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ni-sà ké "Ẹ dìde", gbogbo gbọ̀ngàn dìde, àyàfi Alága, tó ní orúnkún ń dun òun. Ẹdìde gun orí pèpéle lọ sí àga ńlá rẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ó ní, "Ẹ̀yin àlejò pàtàkì, ẹ gbójú sókè, ẹ wo àjà yìí bó ti funfun. Lábẹ́ àkóso mi, ẹ̀kán omi kan kò lè já bọ́ láìgba àṣẹ."

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ ní sùúrù. Ẹ̀kán kan péré ló kọ́kọ́ bọ́ sí i níwájú orí. Bẹ́ẹ̀ni-sà sáré fi áńkáṣíìfù nù ún, ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀kán kejì bọ́, ó tún nù ún. Nígbà tó di ìkeje, Bẹ́ẹ̀ni-sà ṣí agbòòrùn lé ọ̀gá rẹ̀ lórí nínú gbọ̀ngàn, Ẹdìde sì sọ fún àwọn àlejò pé ara ẹ̀yẹ ipò òun ni. Ó ti dé orí ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ nígbà tí àjà wálẹ̀ tòun tomi.

Agbòòrùn gba orí rẹ̀ là, kò sì sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ẹdìde dúró láàárín pèpéle bí adìẹ tí òjò pa, ọ̀dà funfun ń ṣàn sínú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Òkè orí ara rẹ̀ ni tiwa yìí da tirẹ̀ sí.

Ó nu ojú, ó sì wá ẹni tó máa ru ẹ̀bi náà fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ní iṣẹ́ agbálẹ̀ ni láti jábọ̀ bí ilé bá ń jò, agbálẹ̀ yìí ò sì jábọ̀, torí náà òun lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ìṣẹ́jú yẹn lọ. Màmá Agbálẹ̀ ti wà nílẹ̀ níbi tó ti ń nu omi. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága bi í bóyá ó jábọ̀. Màmá ní, "Mo kọ ọ́, mà. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ ọ́ sínú yàrá."

Wọ́n ṣí Yàrá Ìròyìn lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Ìkarahun ni wọ́n bá. Aunti Wáyà ní òun ka ọ̀rọ̀ náà, omi tó ń jò ló wà nínú rẹ̀, Ọ̀gá ló sì pa á rẹ́, orúkọ wọn rè é. Ẹdìde ò janpata. Ó ní lóòótọ́ lòun pa á rẹ́, torí ìsọkúsọ ni, ó fi bú ilé-iṣẹ́, kò sì mẹ́nu ba omi rárá. Bẹ́ẹ̀ni-sà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n bi àwọn aṣojú ibùdó méjì yòókù, torí wọn ò pe ìsédò. Wọ́n ní àwọn ò rántí. Ìbẹ̀rù máa ń jẹ́ kéèyàn tètè gbàgbé.

Aunti Wáyà rò ó pé bí òun bá dákẹ́, iṣẹ́ òun á wà, Màmá á sì gbé ọwọ́ òfo lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó rántí àga yẹn. Ó wá rántí wáyà tó wà lórí ìṣó.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n ki wáyà ìsédò padà, mà. Ọ̀rọ̀ Màmá ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó já wọn kúrò."

Ẹdìde ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò tíì dárí jì wọ́n. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì wọ̀ ọ́ padà. "Ọmọ mi, lọ ki wáyà náà."

Ó kì í. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àpótí olú-iṣẹ́ àti àpótí ìsédò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè, èjìká dé èjìká, títí wọ́n fi padà dé ara Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Mọ́ńdè, níbi tí ọ̀nà ti pín. Ọ̀rọ̀ ìsédò wá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àyè tirẹ̀ lórí ìlà. Alága ka èyí àkọ́kọ́ síta.

"Màmá, mo rí i tí ẹ ní omi ń jò láti àjà gbọ̀ngàn ńlá, lókè ibi tí àga ńlá wà, pé garawa kún lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo àwòrán ilé náà, páìpù àtijọ́ ló gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá kí wọ́n ti fáàfù kẹta tí omi ibẹ̀ ń gbà kọjá, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀."

Èkejì dé: "Ẹ ò dá mi lóhùn o. Ṣé wọ́n ti tì í?" Ẹ̀kẹta dé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé garawa yẹn kúrò." Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtàńpàkò kan ṣoṣo wọlé, tí Bàbá Ìsédò fi sí Ọ̀rọ̀ Ìyànjú ní Mọ́ńdè náà gan-an, nígbà tó jáde nínú omi tó sì nu ọwọ́ tán. Àṣẹ Ẹdìde pé kí ìkarahun ṣófo dé ìsédò náà ní ìṣẹ́jú yẹn, àpótí tibẹ̀ sì pa ọ̀rọ̀ Màmá rẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá Ìsédò kọ, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ lórí ìyẹn.

Ẹdìde ní irọ́ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìmọ̀ kọ ọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àjà wó ni.

Aunti Wáyà ní, "Ta ni ì bá sọ fún wọn, sà? Fóònù kì í mú níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ní kí n yọ wáyà."

Omi ṣì ń kán láti òkè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èyí ò tiẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Alága ní Màmá Agbálẹ̀ ò kúrò níbi kankan títí oṣù rẹ̀ á fi pé. Ó wá sọ fún Ẹdìde pé kó kọ ìfipòsílẹ̀ rẹ̀ sínú Yàrá Ìròyìn, níbi tí gbogbo ibùdó á ti rí i, kí aago mẹ́rin tó lù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, lílé ni àwọn máa lé e.

Aunti Wáyà dá ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ padà fún Màmá lójú ẹsẹ̀. Láago kan ọ̀sán, Màmá kọ ọ̀kan: "Ilẹ̀ gbọ̀ngàn tutù. Ẹ rọra rìn." Ọ̀rọ̀ yẹn na ọwọ́ méjèèjì, ó di ẹ̀ka olú-iṣẹ́ àti ẹ̀ka ìsédò mú, ọ̀nà sì tún di ọ̀kan.

Ẹdìde jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ti kọ ìfipòsílẹ̀ náà tán, oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ó ku kó tẹ bọ́tìnnì. Ó wá rí i pé ọ̀rọ̀ Màmá ló kẹ́yìn nínú yàrá. Ó yọ ìka kúrò, ó ní òun á dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ nǹkan. Aago méjì lù. Ó rán Bẹ́ẹ̀ni-sà pé kó bá òun kọ ohunkóhun, ìbáà ṣe ẹ káàsán. Bẹ́ẹ̀ni-sà ní ó dun òun, sà, ọwọ́ òun dí. Ìròyìn pé ó ń dúró de ẹni tó máa kọ nǹkan ti dé gbogbo ibùdó, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Wọ́n ní páìpù kékeré kan bẹ́ ní orí òkè láago mẹ́ta, wọ́n sì tún un ṣe láìkọ nǹkan kan.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú kan, ó tẹ bọ́tìnnì. Aunti Wáyà wò ó lójú ẹ̀rọ rẹ̀ nínú yàrá tóóró yẹn, bí ọ̀rọ̀ ńlá náà ṣe wọlé, tó na ọwọ́, tó sì di èjìká Màmá Agbálẹ̀ mú.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Kò sí ibùdó tó fi àtàńpàkò sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá fi ọ̀kan sí i, láti orí fóònù àtijọ́ kan nídìí àtẹ̀gùn. Màmá ni. Ó ní wọ́n kọ́ òun nílé pé ẹni tó bá ń lọ, èèyàn a máa kí i pé ó dàbọ̀.